Ẹ jọ̀ọ́, mò ń gbé màmá mi lọ sí Zanzibar, ibo ló yẹ ká dé sí?

ỌmọAlhaja

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tèmi. Màmá mi pé ọdún 67 lóṣù tó kọjá, àtìgbà tí bàbá wa sì ti dolóògbé, ó ń lọ sọ́dún mẹ́rin báyìí, wọn ò tíì jáde lọ síbì kankan ju òde ẹbí àti mọ́ṣáláṣí lọ. Èmi àtàwọn àbúrò mi wá dáwó jọ, a ní ká gbé wọn lọ sí Zanzibar, erékùṣù kan ní Tanzania, fọ́jọ́ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹjọ. Físà ti jáde, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Addis Ababa la máa gbà kọjá. Èmi, Màmá àti ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje la jọ ń lọ.

Ibi tá a máa dé sí ló kù. Mo rí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Paje, owó ẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹnu òkun gan-an ló wà, fọ́tò ẹ̀ dáa débi pé mo ti fẹ́ẹ́ sanwó lánàá. Àbúrò mi ló ní kí n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti débẹ̀ rí. Orúnkún ń dun Màmá o, wọn ò lè rìn jìnnà, wọn ò sì fẹ́ràn àtẹ̀gùn rárá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ni kí àwọn jókòó sínú omi òkun kó máa gbá àwọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ní ìgbà tí àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, èmi ò tíì dáyé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Paje dáa? Irú owó wo ni ká mú dání? Ṣé kí n di gààrí àti èlùbọ́ fún wọn ni àbí wọ́n á rí nǹkan jẹ níbẹ̀? Ẹ ṣeun o, Ọlọ́run á máa ṣọ́ àwọn òbí wa.

BàbáÌbejì_Ìkòròdú

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú Màmá, wọ́n á pẹ́ fún yín o. Ẹ má tíì sanwó yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná.

Ohun tí mi ò rẹ́ni sọ fún mi kí èmi àtìyàwó mi tó lọ nìyí: òkun ibẹ̀ ń fà o. Mo mọ̀ pé gbogbo òkun ló ń fà, ṣùgbọ́n tiwa ní Èkó, bó fà bó kún, omi ṣì wà níwájú ẹ níbẹ̀. Ní apá ìlà oòrùn Zanzibar, ìyẹn Paje, Jambiani, Bwejuu títí dé Matemwe, ilẹ̀ abẹ́ omi yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní ni, nígbà tí òkun bá fà, á lọ pátápátá, ojú lẹ máa fi wá a. Paje yìí náà la dé sí. Alẹ́ la débẹ̀, à ń gbọ́ ìró omi lábẹ́ fèrèsé, inú wa dùn. Ilẹ̀ mọ́, ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá, ìyàwó mi ti múra ìlúwẹ̀ẹ́, a jáde, kò sómi. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí iyanrìn gbígbẹ bí ewúrẹ́ tó ń jẹ àpọ̀jẹ lábẹ́ igi, okùn tí wọ́n fi so wọ́n nà sílẹ̀ lásán. A bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, a rìn tó ogún ìṣẹ́jú kí omi tó kan wa lórúnkún, ibẹ̀ ni mo sì ti tẹ nǹkan dúdú kan báyìí tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ ẹ̀gún bí òòrẹ̀. Ẹ̀gún mẹ́rin ló kán sí mi látẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ kan tó ń pa ẹja nítòsí ló já ìbẹ́pẹ tútù, ó fi oje funfun rẹ̀ ra á fún mi, mo ṣì tiro fọ́jọ́ méjì.

Bó ṣe ń ṣe ni pé á kún lẹ́ẹ̀mejì, á fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ó máa ń tó wákàtí mẹ́fà láàárín kíkún àti fífà, àkókò ẹ̀ sì ń sún síwájú ní bí àádọ́ta ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, ìyẹn ni pé ìgbà tẹ́ ẹ fi wẹ̀ lónìí kọ́ lẹ máa fi wẹ̀ lọ́la. Tí òṣùpá bá kún roboto tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ìgbà yẹn ló ń fà jù. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì mọ àkókò ẹ̀, wọ́n á sọ fún yín tẹ́ ẹ bá bèèrè, àwa ò mọ̀ pé ó yẹ ká bèèrè ni.

Fún Màmá, ẹ lọ sókè lápá àríwá, Kendwa tàbí Nungwi. Níbẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ omi jìn kíákíá, òkun á fà díẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n omi kì í lọ. Tó bá jẹ́ èmi, Kendwa ni màá mú, ó parọ́rọ́ ju Nungwi lọ, iyanrìn ẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Oṣù kẹjọ tẹ́ ẹ ń lọ yìí, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní kusi ń fẹ́ wá láti gúúsù ìlà oòrùn, Paje ló máa ń kọlù tààrà, ìdí nìyẹn táwọn tó ń fi atẹ́gùn sáré lórí omi fi ń kóra jọ síbẹ̀. Kendwa fẹ̀yìn sí atẹ́gùn yẹn ni, omi ẹ̀ rọ̀. Láti ẹ́pọ́ọ̀tù débẹ̀ á tó wákàtí kan àbọ̀, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀kan lílọ, ẹ̀ẹ̀kan bíbọ̀.

Ohun kan tó kù ni pé kí ẹ ra bàtà omi fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta látilé, èyí tí abẹ́ ẹ̀ nípọn. Torí orúnkún Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí iyanrìn nínú omi, dídìde ló máa nira fún wọn. Ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n bá yín gbé àga oníke kan wọnú omi níbi tí kò jìn.

Àníkẹ́_Peckham

Gbogbo ohun tí Bàbá Ìbejì sọ nípa omi, òótọ́ ni. Ẹ fi èyí kún un o, sístá mi, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ìrìn àjò tèmi jẹ́.

Àwọn elédè Swahili kì í ka aago bíi tiwa. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, aago méje àárọ̀ wa ni wọ́n ń pè ní saa moja, ìyẹn aago kan, aago mẹ́jọ wa sì ni saa mbili, aago méjì. Tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, ó bọ́gbọ́n mu, wákàtí kìíní ọjọ́ nìyẹn lóòótọ́. Èmi ò mọ̀. Dírẹ́bà kan tó fẹ́ gbé wa lọ sí oko tí wọ́n ti ń gbin àwọn èròjà ọbẹ̀ kọ ọ́ sí mi lórí WhatsApp pé saa tisa, mo fi fóònù tú u, ó ní aago mẹ́sàn-án. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jókòó sẹ́nu géètì láago mẹ́sàn-án àárọ̀, a ti fi fìlà borí, a ti ra omi, ó di mẹ́wàá, ó di mọ́kànlá, a pè é kò gbé e, inú ti bí mi débi pé mo ti ní kí n kọ̀wé burúkú nípa ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Aago mẹ́ta ọ̀sán géérégé ló wọlé dé, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ẹ̀ mọ́, aṣọ ẹ̀ mọ́. Saa tisa ti dé lójú tiẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ fún ohun tí mo rò sí i láàárọ̀ yẹn. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá dá àkókò fún yín, ẹ bi í pé ṣé òwúrọ̀ ni àbí ọ̀sán, pàápàá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wọ bààlúù.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi síwájú Nàìjíríà, ẹ tún aago yín ṣe.

Ẹ má kó ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí Kendwa o. Ẹ lo ọjọ́ méjì ní Stone Town, ìlú àtijọ́ tí UNESCO fi sára ibi àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2000. Ìlẹ̀kùn igi ńláńlá tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà àrà, àwọn òpópónà tó tóóró débi pé alùpùpù kan bá ń bọ̀, ẹ ó fẹ̀yìn ti ògiri. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gbé Màmá jáde, kí oòrùn tó mú. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ lọ sí Forodhani létí òkun, wọ́n á pàtẹ oúnjẹ síbẹ̀, ẹran sísun, ẹja, omi ìrèké tí wọ́n fún pọ̀ mọ́ atalẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ bèèrè iye kẹ́ ẹ tó nàka sí ohunkóhun, ẹja tó ti wà lórí tábìlì láti ìrọ̀lẹ́, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ jẹ èyí tí wọ́n sun lójú yín.

Ibì kan tún wà, mi ò mọ̀ bóyá Màmá á fẹ́ lọ. Ibi tí ọjà ẹrú wà tẹ́lẹ̀, ọdún 1873 ni wọ́n tì í, wọ́n wá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Anglican ńlá lé e. Wọ́n gbẹ́ ère àwọn èèyàn tí wọ́n dúró nínú kòtò tí ẹ̀wọ̀n sì wà lọ́rùn wọn, ẹ̀wọ̀n irin gidi. Ìyá bàbá mi jẹ́ ará Badagry, mo ti rí tiwa nílé, síbẹ̀ nígbà tí mo dé ẹnu kòtò yẹn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀nà òkun ọ̀tún ni wọ́n kó àwọn èèyàn wọn gbà, tiwa gba ti òsì. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ń kó wọn sí rẹlẹ̀ gan-an, kí Màmá má wọ ibẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ba jù.

ÌyáSukurah

Sístá, ẹ kú oríire. Èmi á dáhùn ti owó àti oúnjẹ.

Zanzibar ní inṣọ́ránsì tiwọn tí gbogbo àlejò láti ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ rà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, dọ́là 44 fún àgbàlagbà, ti ọmọdé jẹ́ ìdajì. Bẹ́ ẹ tiẹ̀ ní inṣọ́ránsì míì, wọ́n ṣì máa ní kẹ́ ẹ ra tiwọn. Ẹ rà á látilé, lórí ìkànnì ìjọba wọn fúnra ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwèé, kẹ́ ẹ má lọ máa tò lórí ìlà ní ẹ́pọ́ọ̀tù pẹ̀lú Màmá. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání, torí Nàìjíríà la ti ń bọ̀, wọ́n á bèèrè ẹ̀.

Owó wọn ni ṣílè Tanzania. Ẹ mú dọ́là díẹ̀ dání kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tuntun, èyí tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ọdún 2006 wọn ò ní gbà á, èyí tó ya, tí wọ́n kọ̀wé sí tàbí tó rún, wọ́n á dá a padà. Stone Town ni kẹ́ ẹ ti gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM kẹ́ ẹ tó máa lọ sí àríwá.

Ẹ má kó láílọ́ọ̀nù wọlé o, wọ́n ti fòfin dè é. Àwa tá a máa ń di gbogbo nǹkan sínú láílọ́ọ̀nù, bàtà, ọṣẹ, gèlè, ẹ fi àpò aṣọ rọ́pò ẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ọkàn Màmá á balẹ̀, mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹran wọn halal ni. Ìrẹsì wọn tí wọ́n ń pè ní pilau, ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n fi omi àgbọn sè, mandazi tó fẹ́ jọ pọ́fù-pọ́fù tiwa. Ata ni kò tó. Gààrí díẹ̀ àti ata gígún kò burú, ẹ fi èlùbọ́ sílẹ̀, ta ló máa rò ó.

Nínú ìlú, ẹ bo èjìká àti orúnkún, etí òkun nìkan ni aṣọ ìwẹ̀ wà fún. Tó bá ṣe pé Màmá fẹ́ kírun Jímọ́ọ̀, ẹ bèèrè mọ́ṣáláṣí tó láyè fáwọn obìnrin, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ní in.

Ohun tó máa dùn mọ́ Màmá jù nìyí. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ tí wọ́n bá rí àgbàlagbà, wọ́n á ní shikamoo. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo di ẹsẹ̀ yín mú. Kí Màmá dáhùn pé marahaba. Ìkúnlẹ̀ tiwa náà nìyẹn, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ tún máa gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jọ tiwa torí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó wọ èdè méjèèjì: habari ni wọ́n fi ń bèèrè àlàáfíà, làbárì tiwa nìyẹn, wakati wọn ni wákàtí wa, dunia wọn ni dúníyàn.

Káyọ̀dé_onírìnàjò

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Ìbejì, mo gbà pé kí Màmá lọ sí Kendwa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà ìlà oòrùn díẹ̀. Nígbà tí òkun bá fà ní Jambiani, ìgbà yẹn gan-an ni ibẹ̀ ń dùn mí. Àwọn obìnrin á jáde, wọ́n á sán aṣọ mọ́dìí, wọ́n ní oko nínú òkun o, wọ́n á kan igi wẹ́wẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á ta okùn sáàárín ẹ̀, ara okùn yẹn ni wọ́n ń so ewéko òkun mọ́ kó máa dàgbà, mwani ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kórè ẹ̀, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á tà á. Mo bá ìyá kan jókòó, ó jẹ́ kí n so okùn kan, kókó tí mo ta tú lẹ́ẹ̀mẹta lójú ẹ̀, ó tún un ta láì sọ̀rọ̀. Ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀, ẹ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá lọ wo àwọn ọ̀bọ onírun pupa ní igbó Jozani, wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà sáàárín igi ẹnu omi níbẹ̀, Màmá á lè rìn ín.

Àwọn tó bá ní àwọn fẹ́ gbé yín lọ lé ẹja dolphin ní Kizimkazi, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọkọ̀ mẹ́wàá á yí ẹja kan ká, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

ỌmọAlhaja

Ẹ ṣé, ẹ ṣeun, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Mo ti fagi lé ti Paje. Òru méjì ní Stone Town, mẹ́ta ní Kendwa. Mo ka ọ̀rọ̀ shikamoo yẹn sí Màmá létí, wọ́n ti ń fi marahaba dá ọmọ mi lóhùn nínú ilé láti àárọ̀.

ỌmọAlhaja *(lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin)*

A ti dé láyọ̀ o, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò sọ, kí ẹlòmíì má baà kó sí i. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì Stone Town, ilé àtijọ́ ni wọ́n, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, àtẹ̀gùn wọn sì dúró ṣánṣán bí àkàbà. Àjà kẹta ni wọ́n fún wa lálẹ́ ọjọ́ tá a dé. Èmi àti ọmọkùnrin kan la di Màmá mú gòkè, wọ́n ń sinmi lórí gbogbo ìdákọ́ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n tó rí yàrá ìsàlẹ̀ fún wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé àgbàlagbà lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó pé yàrá ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́. Wọ́n sì dá dọ́là ogún mi kan padà torí pé etí ẹ̀ ya díẹ̀, bí ÌyáSukurah ṣe sọ ló rí.

Nínú oko èròjà ọbẹ̀ yẹn, ọkùnrin tó ń mú wa káàkiri já nǹkan kan lórí igi, ó ní karafuu. Màmá gbà á, wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n ní "kànáfùrù kọ́ nìyí?" Ọkùnrin yẹn ní kí wọ́n tún un pè. Wọ́n pè é, òun náà pe tiẹ̀, àwọn méjèèjì ń pè é fúnra wọn lábẹ́ igi. Inú ìgò ìpara bàbá wa ni Màmá máa ń fi kànáfùrù sí láyé ọjọ́un, wọn ò mọ̀ pé orí igi ló ń so.

BàbáÌbejì_Ìkòròdú

Alhamdulillah. Òkun ńkọ́? Ṣé Màmá jókòó sínú omi?

ỌmọAlhaja

Wọ́n jókòó o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọkùnrin òtẹ́ẹ̀lì kan gbé àga funfun wọnú omi bí ẹ ṣe ní ká ṣe, ó ti ẹsẹ̀ àga náà bọ iyanrìn kó má baà yẹ̀, ó ní shikamoo bibi, ìyẹn ìyá àgbà, kó tó na ọwọ́ sí wọn. Omi dé wọn ní agbede ẹsẹ̀. Aago mẹ́rin ni wọ́n wọlé, oòrùn wọ̀ wọ́n ò dìde, mo mú ṣọ́ọ̀lù lọ bá wọn níbẹ̀ torí atẹ́gùn ti ń tutù, wọ́n ní kí n dúró, kí n jẹ́ kí òkun tún dé ẹsẹ̀ àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i.